Ihò Tíńtín Lójú Ìyẹ́: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Kan Lórí Gíláídà Oní-Fáíbà

Standard Cirrus ni gíláídà tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ Schempp-Hirth ló ṣe é, ní Kirchheim unter Teck ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì. Klaus Holighaus ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1969 sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fò. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì, mítà 15 ni. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Bàlúù mìíràn ló máa ń fà á lọ sókè, tàbí kí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ fi okùn wọ́ ọ gòkè. Tó bá ti já ara rẹ̀ kúrò lára okùn, atẹ́gùn gbígbóná tó ń ru sókè láti ilẹ̀ ló ń gbé e rìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí mò ń sọ wà. Àwọn mẹ́ta ló dá owó rà á, òyìnbó méjì àti dókítà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ní tèmi, ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe l'Ékòó kí n tó dé ibí. Ìdí tí Dókítà fi pè mí nìyẹn.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó," ó sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. "Wọ́n dí ihò yẹn, ó tún là. Wọ́n tún dí i, ó tún là."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé awọ gíláídà náà ti gbó, wọ́n sì gbé ìyẹ́ ọ̀tún fún ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù yìí ha awọ àtijọ́ kúrò, wọ́n fi pọ́tì dí ibi tó lọ sínú, wọ́n wá fín awọ tuntun lé e. Ó dára lójú títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáńpépà ha á kó lè dán. Bí wọ́n ṣe ń ha á ni ihò ń yọ, ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ yanturu. Wọ́n fi pọ́tì mọ́tò dí wọn, wọ́n tún fín in. Ihò náà padà wá. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní ọjà tí wọ́n tà fún òun ni kò dáa. Wọ́n ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, ihò kò lọ. Nígbà tí owó ń lọ tí iṣẹ́ kò tán, àwọn onígíláídà gbé ìyẹ́ wọn kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n gbé e sí, ìyẹ́ òsì ni mo kọ́kọ́ lọ bá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Dókítà ní, "Bọ̀dá, èyí kọ́ ló ń ṣe wá o." Mo ní mo mọ̀. Mo fẹ́ rí bí ìyẹ́ ọ̀tún ṣe rí kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀ ni, nítorí inú mọ́ọ̀dù tó jọra ni wọ́n ti ṣe àwọn méjèèjì, oòrùn kan náà ló sì pa wọ́n.

Gelcoat ni orúkọ awọ funfun tó wà lójú gíláídà. Résìn polyester, omi kíki tó máa ń dì le, tí wọ́n po àwọ̀ funfun mọ́ ni. Ọdún 1957 ni fs 24 Phönix, gíláídà oní-fáíbà àkọ́kọ́, fò ní ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe irú Cirrus yìí nìyí: wọ́n á fín gelcoat sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á tẹ́ aṣọ fáíbà àti résìn epoxy lé e lẹ́yìn, nígbà tó bá dì wọ́n á yọ ọ́ jáde. Ó nípọn ju ọ̀dà mọ́tò lọ dáadáa, kí ẹni tó ń ha á lè rí nǹkan ha. Funfun tí wọ́n sì ń kùn ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Tí awọ ìyẹ́ bá gbóná kọjá nǹkan bíi dígírì 54, epoxy tó di fáíbà mú á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, agbára ìyẹ́ á sì dínkù. Ẹni tó bá fẹ́ kun gíláídà rẹ̀ ní pupa tàbí dúdú láti imú dé ìrù kò mọ ohun tó ń bá ṣeré.

Ìṣòro gelcoat ni pé ó máa ń gan bó ṣe ń dàgbà. Oòrùn ń jẹ ẹ́, ọ̀rinrin ń wọ̀ ọ́, tí gíláídà bá sì gòkè lọ síbi tí òtútù ti mú, gelcoat á sún kì ju fáíbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹ́ ń tẹ̀ tó bá ń fò. Fáíbà lè tẹ̀ kó sì padà sípò. Gelcoat tó ti gan á sán ni. Orí ìyẹ́ òsì yìí kún fún ìlà tíńtín tó ń lọ láti etí iwájú dé etí ẹ̀yìn, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Gígùn ìyẹ́ ni agbára ń gbà nígbà tó bá ń tẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà sísán fi dábùú rẹ̀. Ọjọ́ ogbó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní igun àpótí bíréèkì afẹ́fẹ́, pátákó tó ń yọ lójú ìyẹ́ láti mú gíláídà sọ̀kalẹ̀, ìlà kan gba ọ̀nà ìkọ́rọ́ jáde láti igun náà. Ibi tí agbára ń kó jọ sí ló ń fi hàn. Nítòsí ṣóńṣó ìyẹ́, mo rí èyí tó fọ́nká láti ojú kan ṣoṣo sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Nǹkan ló gbá a níbẹ̀. Irú èyí ni kò yẹ kí a fi ọ̀dà bò láìwò, torí fáíbà abẹ́ rẹ̀ lè ti fọ́ tàbí kó ti ṣí kúrò lára fóòmù inú ìyẹ́. Mo fi ẹyọ owó gbá ojú ìyẹ́ jẹ́jẹ́ yíká ibẹ̀, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Ohùn rẹ̀ le, kò kú. Síbẹ̀ mo ní kí olùyẹ̀wò tó ní ìwé àṣẹ wá ṣí i wò kí ọwọ́ tó kàn án. Ó ṣí i, gelcoat nìkan ló sán. Tó bá jẹ́ fáíbà ni, iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá ti ẹni tó ń fín ọ̀dà.

Ohun tí mo wá gan-an lára ìyẹ́ òsì nìyí. Mo pa ojú mi dé, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí rẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Níbi tó jìnnà díẹ̀ sí etí iwájú, ọwọ́ mi bọ́ sínú kòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó gùn láti ìdí ìyẹ́ lọ sí apá ṣóńṣó. Abẹ́ ibẹ̀ ni spar wà, ọ̀pá ńlá oní-fáíbà tó ru gbogbo ẹrù ìyẹ́. Fáíbà àti résìn pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, résìn sì máa ń sún kì díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe gíláídà tán. Ojú tí wọ́n yọ jáde láti inú mọ́ọ̀dù ní títẹ́jú á wá lọ sínú lójú spar. Ìyẹ́ ọ̀tún ti gbọ́dọ̀ ní irú kòtò yìí. Ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ti gbọ́dọ̀ fi pọ́tì sí jù.

Mo wá kọjú sí ìyẹ́ ọ̀tún. Mo fi pẹ́ńsù yí gbogbo ihò tí mo rí po, mo sún sẹ́yìn, mo wò ó láti òkèèrè. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn tò gbọọrọ lójú spar, wọn kò kọjá etí pọ́tì síwájú tàbí sẹ́yìn. Àwọn díẹ̀ tún kó jọ sítòsí hínjì aileron, abala kékeré tó ń yí sókè sódò létí ẹ̀yìn ìyẹ́, níbi tí pọ́tì kankan kò sí. Láàárín méjèèjì, ibi tó mọ́ pátápátá ni. Tó bá jẹ́ pé ọjà ni kò dáa, kí ló dé tí gelcoat kan náà, tí wọ́n pò nínú ike kan náà, fi dára láàárín?

Mo mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Àwọn ti ojú spar jìn, etí wọn mú. Àwọn ti ìdí hínjì kò jìn; etí wọn rọ́ sókè róbótó, bí ẹni pé gelcoat ń sá fún ohun kan nílẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀. Àìsàn méjì ni wọ́n ń tọ́jú bí ọ̀kan.

Mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán sọ ọ́, nítorí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ti fi ẹnu lásán sọ tirẹ̀. Omi tàbí epo láti inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lè fa ihò. Ìbọn ọ̀dà tí kò mọ́ lè fà á. Mo ní kí wọ́n kó gelcoat tó kù nínú agolo wọn wá, mo fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti ìbọn wọn fín in sórí gíláàsì fèrèsé tí mo ti nù mọ́. Ó dì, mo ha á: kò sí ihò kankan. Ọjà jàre, atẹ́gùn jàre, ìbọn jàre. Mo wá mú pátákó fáíbà kékeré kan, mo fi pọ́tì irú tiwọn bò ó, mo ha á, mo fi résìn lásán dí ojú ìdajì rẹ̀, mo fi ìdajì kejì sílẹ̀ bó ṣe wà, mo fín gelcoat lé gbogbo rẹ̀. Ìdajì tí mo dí dán. Ìdajì kejì kún fún ihò.

Pọ́tì wọn kò burú o. Résìn epoxy ni, tí wọ́n po ìyẹ̀fun funfun kan mọ́ tó ń jẹ́ microballoons, kó lè fúyẹ́ kó sì rọrùn láti ha. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ìyẹ̀fun yìí, bọ́ọ̀lù gíláàsì tí inú rẹ̀ ṣófo ni, ojú lásán kò lè rí i. Bí sáńpépà bá ti kọjá lórí rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù òkè á là, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó há sínú pọ́tì nígbà tí wọ́n ń pò ó. Ojú ibẹ̀ á wá rí bí búrẹ́dì tí a fi ọ̀bẹ gé. Gelcoat á bo ẹnu ihò wọ̀nyí láìwọnú wọn, afẹ́fẹ́ á sì wà lábẹ́. Gelcoat máa ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀ bó ṣe ń dì. Nígbà tí mo sì béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n ní ìgbà òtútù ni, pé bí wọ́n bá ti fín in tán ni wọ́n máa ń tan hítà kó lè tètè gbẹ. Ìdí abájọ! Ooru ń wọ ìyẹ́, afẹ́fẹ́ inú pọ́tì ń wú, ibi tí gelcoat ti rọ̀ ló ń gbà jáde. Pọ́tì mọ́tò tí wọ́n fi ń dí i náà ò wọ inú ihò, ẹnu rẹ̀ ló ń bò. Sáńpépà tó bá tún kọjá á ṣí i.

Ti ìdí hínjì, sílíkónì ni. Àwọn onígíláídà máa ń fi téèpù dí àlàfo àárín ìyẹ́ àti aileron, wọ́n sì ń fi pọ́líìṣì pa ara gíláídà kí oòrùn má ba gelcoat jẹ́. Wákìsì lásán kò burú. Pọ́líìṣì tó bá ní sílíkónì nínú, ibi tó bá kàn, ọ̀dà kì í fẹ́ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá sì gbé sáńpépà lé e kó tó fọ̀ ọ́, ńṣe ló ń rì í wọnú fáíbà.

Iṣẹ́ gan-an wá bẹ̀rẹ̀, ó sì gba sùúrù. Fífọ̀ ló ṣáájú. Àkísà méjì ni: ọ̀kan tó rin fún èròjà ìfọ̀, èkejì tó gbẹ tó ń tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ìdọ̀tí tó tún gbẹ mọ́ ọn, a sì ń jù wọ́n nù léraléra torí àkísà tó ti gba sílíkónì, sílíkónì náà ni yóò máa pín káàkiri. Lẹ́yìn èyí ni a wá ha gelcoat tó ti bàjẹ́, sáńpépà 80 ní ìbẹ̀rẹ̀, ká tó bọ́ sí 120. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà béèrè bóyá kemíkà tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà ò ní yá jù. Mo ní yóò yá, yóò sì bó epoxy pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iná náà, rárá. Ọwọ́ ni. Ojú ẹni gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: bí funfun bá ti ń fẹ́lẹ́ tí àpẹẹrẹ híhun aṣọ fáíbà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, kí ọwọ́ dúró. Awọ fáíbà tó wà lórí fóòmù Cirrus yìí fẹ́lẹ́, òun ló sì gbé ìyẹ́ dúró. Gbogbo wa wọ ìbomú oní-fíltà, torí eruku fáíbà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà sí ìmú. L'Ékòó, aṣọ lásán ni a máa ń so mọ́ imú, ikọ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ ká gbàgbé.

Láti pa ojú pọ́tì dé, a tan hítà di ọjọ́ kejì títí ìyẹ́ fi móoru tinú-tòde, a wá pa á kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹ́ bá ń tutù díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ihò ń sún kì, ńṣe ló ń fa résìn wọlé dípò kó máa tì í jáde. Mo fi ọ̀bẹ ike tẹ epoxy tí kò ní ìyẹ̀fun wọ ojú pọ́tì, mo fà á ní ìbú, mo fà á ní gígùn, mo wá ha gbogbo èyí tó kù lókè kúrò. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù ju inú ihò lọ. Nígbà tó dì, a fi omi àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, nítorí epoxy máa ń pọ ọ̀rá kan sójú bó bá ń dì, ọ̀rá yìí kì í sì jẹ́ kí polyester tó bá wá lé e lórí dì dáadáa. Ọ̀pọ̀ gelcoat tó ń ṣí bí èèpo lára epoxy, ibẹ̀ ni wàhálà wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbẹ, a fi sáńpépà ha á kí gelcoat lè rí ibi dì mú.

Hádínà gelcoat, èròjà tó ń mú kó dì, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni mo fi sí i, gẹ́gẹ́ bí ìwé ara agolo ṣe wí, mo sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Kò sí pé mo fi ojú díwọ̀n. Hádínà yìí lè fọ́ ojú èèyàn, ẹ wọ awò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fín in, ìpele lórí ìpele, mo ń jẹ́ kí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kí èkejì tó gun orí rẹ̀. Ìpele ìkẹyìn nìkan ló ní wákìsì nínú, èyí tó ń léfòó sójú tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ìta, torí polyester tí afẹ́fẹ́ ń kàn kì í dì tán lójú, á máa lẹ̀ gbúdugbùdu.

Dókítà béèrè nígbà kan ìdí tí a kò fi fín ọ̀dà polyurethane, torí ó ti gbọ́ pé kì í tètè sán. Òótọ́ ni, kì í tètè sán, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, kò lè dí kòtò kankan. Kí ojú abẹ́ rẹ̀ ti tẹ́jú pátápátá kó tó dé ni. Isocyanate, kemíkà kan tó wà nínú rẹ̀, tún ń fẹ́ ìbomú tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ìta, èyí tí a kò ní. Ní tèmi, tí gíláídà bá jẹ́ tuntun tàbí tí wọ́n ti tún gbogbo ojú rẹ̀ ṣe, polyurethane ni màá mú. Fún ìyẹ́ tó ṣì ní kòtò spar, gelcoat ló dáa, nítorí òun fúnra rẹ̀ la máa ha títí yóò fi tẹ́.

Híha yẹn ló pẹ́ jù. Pátákó gígùn tí sáńpépà lẹ̀ mọ́ ni a lò, tó lè kọjá lórí kòtò spar láìbọ́ sínú rẹ̀. Bí èèyàn bá fi ọwọ́ tàbí pátákó kékeré ha á, á tẹ̀ lé kòtò náà wọlé wọ̀de ni, ojú á dán, kò ní tẹ́. Ìkọ́rọ́ ni pátákó ń gbà, sí ọ̀tún fún ìgbà kan, sí òsì fún ìgbà mìíràn. A ń fi ìyẹ̀fun dúdú pa ojú rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀: ibi tí dúdú bá kù sí ni ibi tó ṣì lọ sínú. Etí iwájú ni mo ń fi ara balẹ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ ń bá ìyẹ́ pàdé, ọ̀nà tó sì gbà tẹ̀ ti wà nínú àwòrán Holighaus, kì í ṣe nínú ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn náà ni a gbé gééjì lé e, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ní mìlímítà 50, tí abẹ́rẹ́ àárín rẹ̀ ń sọ bí ojú ṣe ga tàbí lọ sílẹ̀. Richard Johnson, ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dán oríṣiríṣi gíláídà wò, lo irú gééjì bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn tó mọṣẹ́ ń fẹ́ ni kí abẹ́rẹ́ náà má yẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Ìyẹ́ bí irú èyí, a ṣe é kí afẹ́fẹ́ lè ṣàn lórí rẹ̀ láìdàrú títí dé ibi tó jìnnà sẹ́yìn. Gegele tí ojú kò rí lè dà á rú kó tó débẹ̀, gíláídà á sì máa sọ̀kalẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ aileron kù, òun ló sì léwu jù nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ihò lára rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ti fín òun náà, ní ìpele lórí ìpele, láìha ti àtijọ́ kúrò. A tú u, a gbé e lé òṣùwọ̀n. Ìwé ìtọ́jú Cirrus sọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá àti bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe lè wúwo tó sí hínjì; ó ti kọjá. Bí ẹ̀yìn aileron bá wúwo jù, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì pẹ̀lú ìyẹ́ bí eré bá pọ̀ lófurufú, gbígbọ̀n yẹn sì lè fa ìyẹ́ ya kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Dókítà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. A ha a padà dé fáíbà, a fín ìpele tín-ínrín lé e, a tún un wọ̀n níwájú olùyẹ̀wò. Ó bọ́ sábẹ́ òdiwọ̀n, olùyẹ̀wò kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo gíláídà náà yóò tún gun òṣùwọ̀n kó tó padà fò, nítorí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró sí ti yí díẹ̀.

A fi omi àti sáńpépà 400 ha ìyẹ́ náà, lẹ́yìn rẹ̀ 600, 800, 1000, a wá fi ẹ̀rọ àti wákìsì aláìní-sílíkónì dán an. Kò sí ihò. Lójú spar, gééjì wà lábẹ́ ìdá mẹ́wàá mìlímítà yíká, àfi ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí bíréèkì afẹ́fẹ́ tó kọjá díẹ̀. Àpẹẹrẹ aṣọ fáíbà ti fẹ́ máa hàn níbẹ̀, mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà fẹ́ ká tún gbìyànjú. Olùyẹ̀wò gbè sẹ́yìn mi.

Ìyẹ́ òsì di ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Mo ti fi pẹ́ńsù sàmì sí kòtò rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, mo sì ní kí Dókítà ju pọ́líìṣì àtijọ́ tó wà nínú tírélà wọn nù.